Ìdá 5 Nínú 100: Ta Ló Ń Kà Á?

   

Lónìí, ìtàn òfin kan ni mo fẹ́ sọ. Òfin náà pàṣẹ pé kí iléeṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ 20 sókè fi ààyè sílẹ̀ fún àwọn àkàndá ẹ̀dá: afọ́jú, adití, arọ, ẹni tí ẹ̀rọ gé lápá, ẹni tí àìsàn kò jẹ́ kó lè rìn dáadáa mọ́. Ìjọba kọ nọ́ńbà sínú òfin náà, wọ́n sì kọ ìtanràn sí i. Ó lo ohun tó lé ní ọdún 50 láyé. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, agbanisíṣẹ́ mélòó ni wọ́n torí rẹ̀ gbé lọ sílé ẹjọ́?

Mẹ́wàá. Kì í ṣe mẹ́wàá lọ́dún o. Mẹ́wàá péré, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì pa ètò dé, nítorí àwa náà ti ní irú òfin yìí nílé báyìí, nọ́ńbà tiwa sì ju tiwọn lọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí tiwọn ni mo fẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ̀, kí ó tó ṣẹlẹ̀ sí tiwa.

Nígbà tí àwọn sójà padà sílé

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1918. Ogun Àgbáyé Kìíní parí, àwọn sójà bẹ̀rẹ̀ sí í padà sílé káàkiri ilẹ̀ Yúróòpù. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní ẹsẹ̀ mọ́, àwọn kan kò ríran mọ́, gáàsì olóró sì ti ba ẹ̀dọ̀fóró àwọn mìíràn jẹ́. Kí ogun tó dé, ọ̀pọ̀ àkàndá ló jẹ́ ẹrù ẹbí wọn, tàbí ti ṣọ́ọ̀ṣì, tàbí kí wọ́n máa ṣagbe. Ọ̀rọ̀ àwọn sójà yìí yàtọ̀. Orílẹ̀-èdè ló rán wọn níṣẹ́, ojú sì máa ń ti ìjọba láti rí wọn létí títì pẹ̀lú agolo báárà.

Jámánì kò fi ọ̀rọ̀ náà falẹ̀. Ní 1919 wọ́n gbé àṣẹ jáde, nígbà tó di 1920 wọ́n sọ ọ́ di òfin gidi: àwọn agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ gba àwọn tí ogun ṣe léṣe sẹ́nu iṣẹ́, bí wọ́n fẹ́ bí wọ́n kọ̀.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní tiwọn yan ẹ̀bẹ̀. Ní 1919 kan náà, wọ́n ṣí ìwé orúkọ kan lórúkọ ọba. Iléeṣẹ́ tó bá ṣèlérí pé ìdá 5 nínú 100 òṣìṣẹ́ òun yóò jẹ́ sójà tó fara gbọgbẹ́, orúkọ rẹ̀ á wọ inú ìwé náà, wọ́n á sì fún un láṣẹ láti máa tẹ èdìdì ètò náà sórí lẹ́tà rẹ̀. Ìjọba sì máa ń wo ojú àwọn iléeṣẹ́ wọ̀nyí nígbà tí wọ́n bá fẹ́ gbé iṣẹ́ àgbàṣe jáde. Ẹni tó wù ló wọlé. Ẹni tí kò wù, kò sẹ́ni tó bi í.

Nǹkan kékeré kan ṣẹlẹ̀ lásìkò yẹn tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn. Ní 1922, ọ̀gágun kan tó ń jẹ́ George Howson dá iléeṣẹ́ kan sílẹ̀ ní London. Sójà márùn-ún tó fara gbọgbẹ́ ló fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń ṣe òdòdó pupa tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì máa ń lẹ̀ mọ́ àyà láti fi rántí àwọn tó kú sógun. Howson wo àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, ó rí i pé ọwọ́ kan ṣoṣo ni àwọn kan ní. Ó wá ṣe òdòdó náà lọ́nà tí ẹni tó ní ọwọ́ kan á fi lè tò ó pọ̀. Iṣẹ́ ló tún ṣe kó lè bá èèyàn mu. Kò ní kí èèyàn lọ wá ọwọ́ kejì wá. A máa padà sórí ọ̀rọ̀ yìí.

Òfin ìdá 3

Ogun Àgbáyé Kejì dé. Gbogbo ọkùnrin tó le ti wọ iṣẹ́ ológun, iléeṣẹ́ ìbọn àti ti bàálù sì ń wá òṣìṣẹ́ bí ẹni ń wá omi ní àárín ọ̀ẹ̀rùn. Mínísítà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ nígbà náà ni Ernest Bevin, ọmọ tálákà tó di olórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Láti 1941 ni ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn àkàndá níṣẹ́, tí wọ́n sì ń kó wọn lọ sí iléeṣẹ́. Èèyàn tí wọ́n ti ń sọ fún láti ìgbà pípẹ́ pé kò lè ṣiṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́, ó sì ń gbowó oṣù.

Ìbéèrè tó wá kù ni pé: bí ogun bá parí, tí àwọn tó le bá padà dé, ṣé wọn ò ní lé àwọn wọ̀nyí dànù? Wọ́n gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ lábẹ́ George Tomlinson, aṣòfin kan tó ti ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ òwú láti ọmọ ọdún 12. Ìgbìmọ̀ náà gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 1943. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta ọdún 1944, kí ogun tó parí rárá, ọ̀rọ̀ náà di òfin.

Nǹkan mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀. Àkọ́kọ́, ìwé orúkọ: àkàndá tó bá fẹ́ iṣẹ́ á lọ forúkọ sílẹ̀, wọ́n á fún un ní káàdì aláwọ̀ ewé. Ìkejì, nọ́ńbà: iléeṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ 20 sókè, ìdá 3 nínú 100 wọn gbọ́dọ̀ jẹ́ àwọn tó ní káàdì yìí. Ìkẹta, àwọn iṣẹ́ kan tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn àkàndá nìkan. Ìkẹrin, iléeṣẹ́ àkànṣe fún àwọn tí ara wọn kò gbà kí wọ́n ṣiṣẹ́ láàárín àwọn tó kù.

Iṣẹ́ wo ni ẹ rò pé wọ́n yà sọ́tọ̀? Méjì ni: ẹni tó ń darí líìfìtì, àti ẹni tó ń ṣọ́ ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí. Ẹ wò ó dáadáa. Òfin tó sọ pé àkàndá lè ṣiṣẹ́ bí ẹnikẹ́ni, òun náà ló ń fi ìka júwe ẹnu ọ̀nà fún un pé ibẹ̀ ni kó jókòó sí.

Síbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí a kóyán rẹ̀ kéré. Fún ìgbà àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin sọ pé iṣẹ́ kì í ṣe àánú. Kì í sì í ṣe sójà nìkan ló kàn. Ẹni tí wọ́n bí bẹ́ẹ̀ wà níbẹ̀, ẹni tí èédú inú kòtò ìwakùsà ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́ náà wà níbẹ̀. Kódà, nígbà tí iléeṣẹ́ àkànṣe àkọ́kọ́, tí wọ́n sọ ní Remploy, ṣí ní Bridgend ní ilẹ̀ Wales ní 1946, àwọn awakùsà tó ti fara gbọgbẹ́ ló pọ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀.

Ogun yìí kan náà kó àwọn ọmọ wa lọ. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Nàìjíríà ló lọ jà ní Bọ́mà. Ẹ̀yin ará Èkó mọ ilé ìwòsàn eegun tó wà ní Ìgbóbì, níbi tí wọ́n ń gbé ẹni tó bá ṣẹ́ ní eegun lọ. Inú ogun yẹn ló ti bẹ̀rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ibùdó tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn sójà tó fara gbọgbẹ́. Ní 1945 ló di ilé ìwòsàn. Nítorí náà, nígbà tí London ń ṣòfin lórí ẹni tí ogun gé lẹ́sẹ̀, àwọn tí ogun gé lẹ́sẹ̀ wà ní Ìgbóbì pẹ̀lú. Òfin ìdá 3 kò kàn wọ́n. Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni.

Bí òfin ṣe ń kú láìsí ẹni tó pa á

Báwo wá ni òfin tó dára báyìí ṣe di ìwé lásán? Kò sí ẹni tó dìde lọ́jọ́ kan tó fagi lé e. Ojú ihò mẹ́ta ló gbà jò.

Ojú ihò kìíní: kò jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ fún iléeṣẹ́ láti má pé ìdá 3. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ. Bí iléeṣẹ́ rẹ bá ní òṣìṣẹ́ 200, tó yẹ kí àkàndá mẹ́fà wà níbẹ̀, àmọ́ tí kò sí ẹyọ kan, o kò tíì rú òfin. Ìgbà tí o bá gba ẹlòmíràn tí kì í ṣe àkàndá láìgba ìwé ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ ìjọba lo ṣẹ̀, tàbí tí o bá lé àkàndá tó wà níbẹ̀ láìnídìí. Ṣùgbọ́n ìwé ìyọ̀ǹda náà kò ṣòro gbà. O kàn máa sọ pé kò sí àkàndá tó yẹ fún iṣẹ́ náà ládùúgbò rẹ. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn iléeṣẹ́ ní ìwé ìyọ̀ǹda alápapọ̀ tó ń lo oṣù mẹ́fà. Bí èyí bá parí, wọ́n á gba òmíràn.

Ojú ihò kejì: ìjọba fúnra rẹ̀. Òfin náà kò de àwọn iléeṣẹ́ ìjọba. Wọ́n sọ pé àwọn á máa tẹ̀ lé e tinútinú, àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò pé ìdá 3. Mélòó ni ẹ ti rí nínú àwọn ọlọ́pàá tó lè mú ẹlòmíràn fún ẹ̀ṣẹ̀ tí òun náà ń dá?

Ojú ihò kẹta ló dùn mí jù: káàdì aláwọ̀ ewé yẹn. Iléeṣẹ́ lè ka ẹnì kan mọ́ ìdá 3 rẹ̀ bí onítọ̀hún bá ní káàdì nìkan. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó fi dandan gbà á. Bí ọdún ti ń lọ, àwọn èèyàn rí i pé káàdì náà kò fún wọn níṣẹ́, ńṣe ló ń sọ fún gbogbo ayé pé nǹkan ń ṣe wọ́n. Wọ́n bá dẹ́kun gbígbà á. Nígbà tó fi máa di àwọn ọdún 1980, àwọn tó wà nínú ìwé orúkọ ti kéré débi pé bí gbogbo agbanisíṣẹ́ bá tilẹ̀ jí lówùúrọ̀ ọjọ́ kan tí wọ́n fẹ́ pé ìdá 3, àwọn tó ní káàdì kò ní í tó.

Ìjọba wá fi èyí ṣe àwíjàre: ẹ ò rí i pé òfin náà kò ṣeé ṣe? Wọ́n kò ka àwọn tí kò níṣẹ́, wọ́n kò ka àwọn tí kò gbà wọ́n síṣẹ́, nígbà tó yá wọ́n ní kò sí ohun tí àwọn lè kà.

Bàbá ní rárá, ọmọ ní bẹ́ẹ̀ ni

Àwọn àkàndá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò jókòó máa wòran. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ni àwọn aṣòfin kan ti ń gbé àbá òfin wá sílé, pé kí ó di ẹ̀ṣẹ̀ láti ṣe ojúsàájú sí àkàndá, bó ṣe jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ láti ṣe é sí obìnrin tàbí sí aláwọ̀ dúdú. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ń ṣubú. Nígbà tó di àwọn ọdún 1990, àwọn tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣẹ́ẹ̀kẹ́ṣẹkẹ̀ so ara wọn mọ́ bọ́ọ̀sì láàárín London. Ohun tí wọ́n ń sọ kò le: bí mi ò bá lè wọ bọ́ọ̀sì, báwo ni mo ṣe máa dé ibi iṣẹ́?

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1994, irú àbá bẹ́ẹ̀ tún dé ilé. Mínísítà tí ọ̀rọ̀ àwọn àkàndá wà níkàáwọ́ rẹ̀ ni Nicholas Scott. Àwọn aṣòfin ẹgbẹ́ ìjọba da àtúnṣe rẹpẹtẹ bo àbá náà títí àkókò fi tán lórí rẹ̀. Scott kọ́kọ́ sọ fún ilé pé iléeṣẹ́ òun kò lọ́wọ́ nínú kíkọ àwọn àtúnṣe náà. Ó padà wá gbà pé ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀, ó sì tọrọ àforíjì.

Ta ló wà lára àwọn tó bú u jù? Ọmọ bíbí inú rẹ̀, Victoria Scott, tó ń ṣiṣẹ́ fún ẹgbẹ́ kan tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn àkàndá. Ó bọ́ síta gbangba, ó ní kí bàbá òun kọ̀wé fipò sílẹ̀. Ẹ fojú inú wo oúnjẹ alẹ́ ilé yẹn.

Kò pẹ́ tí Scott fi kúrò nípò. William Hague ló rọ́pò rẹ̀, òun ló sì gbé àbá òfin tó dá ojúsàájú sí àkàndá lẹ́kun wá sílé, èyí tó jáde ní 1995. Bí ẹnikẹ́ni bá kọ̀ ọ́ síṣẹ́ nítorí ara rẹ, o lè pè é lẹ́jọ́. Agbanisíṣẹ́ sì gbọ́dọ̀ tún ibi iṣẹ́ ṣe níwọ̀nba tó bọ́gbọ́n mu. Òfin kan náà ló fagi lé ìdá 3. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1996, nọ́ńbà tó ti wà láti ìgbà ogun kógbá sílé. Àwọn tó ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ kò pọ̀.

Níbi tí owó gbà

Ẹ rántí òdòdó Howson. Ìbéèrè tó wà nínú rẹ̀ ni pé: nígbà tí ìjọba bá fẹ́ náwó, ṣé kó kọ́ ilé iṣẹ́ ọ̀tọ̀ fún àwọn àkàndá ni, àbí kó tún iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ ṣe kó lè gba àwọn náà?

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe méjèèjì. Remploy ni ọ̀nà kìíní, ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ káàkiri ìlú tó jẹ́ pé àkàndá ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ọ̀nà kejì bẹ̀rẹ̀ ní 1994, wọ́n pè é ní Access to Work. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí: wọ́n gba ìwọ síṣẹ́ ní báńkì, adití ni ọ́. Báńkì ló ń san owó oṣù rẹ, ìjọba ló ń sanwó ògbufọ̀ èdè àfọwọ́sọ tó máa jókòó tì ọ́ nípàdé. Tàbí o kò ríran, ìjọba á sanwó fún ohun tó máa jẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa ka ọ̀rọ̀ sí ọ létí. Tàbí o kò lè wọ ọkọ̀ èrò, ìjọba á san lára owó takisí tó ń gbé ọ lọ síbi iṣẹ́.

Ní 2011, Liz Sayce kọ ìwé àbọ̀ fún ìjọba lórí ọ̀nà méjèèjì. Èèyàn kan ní Remploy ń ná ìjọba ní nǹkan bí £25,000 lọ́dún. Èèyàn kan lábẹ́ Access to Work ń ná an ní nǹkan bí £2,900. Ní 2012 ìjọba kéde pé àwọn máa kógbá Remploy wọlé, nígbà tí 2013 fi máa parí, èyí tó kẹ́yìn nínú àwọn iléeṣẹ́ náà ti tì.

Orí ìwé, ìṣirò náà jọ. Ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ Remploy fẹ̀hónú hàn, ẹjọ́ wọn sì kì í ṣe ẹjọ́ òmùgọ̀. Èèyàn tó ti lo 30 ọdún níbi iṣẹ́ kan, tí gbogbo ọ̀rẹ́ rẹ̀ wà níbẹ̀, wọ́n ní kó jáde lọ bá àwọn tó kù jìjàdù iṣẹ́ nígbà tí ọrọ̀ ajé kò dára. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò tètè rí iṣẹ́ mìíràn. Access to Work náà kò sì mọ́ tónítóní: lónìí, èèyàn lè ríṣẹ́ kó sì dúró fún oṣù bíi mélòó kan kí ìrànwọ́ tó dé. Ohun tí mo rí kọ́ ni pé owó tó ń tún iṣẹ́ ṣe dára ju owó tó ń ya èèyàn sọ́tọ̀ lọ, bí ó bá dé lásìkò.

Tiwa ńkọ́?

Kì í ṣe pé a kò ní òfin. Ní 1993, lábẹ́ ìjọba ológun, wọ́n gbé òfin kan jáde lórí ọ̀rọ̀ àwọn àkàndá tó ní kí àwọn agbanisíṣẹ́ fi ìdá 10 nínú 100 sílẹ̀ fún wọn. Ìdá 10! Kò sí orílẹ̀-èdè kan nínú ìtàn òní tó fẹnu sọ iye yẹn. Bó ṣe wà nínú ìwé náà ló wà níbẹ̀. Ẹnu dùn-ún ròfọ́.

Ní 2011, Gómìnà Babatúndé Fáṣọlá fọwọ́ sí òfin ìpínlẹ̀ Èkó lórí àwọn àkàndá. Ìyẹn ní kí agbanisíṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ 100 sókè fi ìdá 1 sílẹ̀ fún wọn. Òfin kan náà ló dá ọ́fíìsì tí wọ́n ń pè ní LASODA sílẹ̀ láti máa bójú tó ọ̀rọ̀ wọn.

Ní Àbújá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 20 ọdún tí àwọn àkàndá fi ń lọ tí wọ́n ń bọ̀. Ilé aṣòfin ti buwọ́ lu àbá náà rí, ààrẹ kò fọwọ́ sí i. Ní oṣù kìíní ọdún 2019 la tó gbọ́ pé Ààrẹ Muhammadu Buhari ti fọwọ́ sí i. Òfin náà dá ojúsàájú lẹ́kun: iléeṣẹ́ tó bá ṣe é, ìtanràn mílíọ̀nù kan náírà, ẹnì kan ṣoṣo tó bá ṣe é, 100,000 náírà, tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí méjèèjì. Ó fún àwọn tó ní ilé tí gbogbo ará ìlú ń lò ní ọdún márùn-ún láti tún un ṣe kí ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ arọ lè wọlé. Ọdún márùn-ún yẹn pé ní oṣù kìíní ọdún 2024. Ẹ̀yin náà ẹ wo báńkì àti ọ́fíìsì tó sún mọ́ yín.

Ìdá 5 ńkọ́? Ó wà níbẹ̀. Òfin ní kí àwọn iléeṣẹ́ ìjọba rí i pé ìdá 5 nínú 100 òṣìṣẹ́ wọn, ó kéré tán, jẹ́ àkàndá. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà láàárín gbólóhùn náà tó yẹ kí a fà yọ: "dé ibi tó bá ṣeé ṣe dé". Ẹ gbọ́ ọ? Ta ló máa sọ ibi tó ṣeé ṣe dé? Ọ̀gá iléeṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣì nílò ìwé ìyọ̀ǹda kí wọ́n tó yẹ òfin sílẹ̀. Àwa ti kọ ìwé ìyọ̀ǹda náà mọ́ inú òfin.

Arábìnrin kan tó máa ń ka ètò yìí nítorí pé kò gbọ́ràn kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ó ti parí fásitì, ó ti sin ìjọba tán, ó mọ iṣẹ́ ìṣirò owó dáadáa. Ó ní níbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kan, wọn ò bi í ní nǹkan kan lórí iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n kọ sórí ìwé fún un: "Ta ló máa bá ọ gbé fóònù?" Ó wá bi mí pé: "Ẹ̀gbọ́n, ìdá 5 tí wọ́n ní ó jẹ́ tiwa, níbo ni wọ́n ń kó o sí?"

Ìdáhùn mi fún un nìyí. Àbúrò mi, ìdáhùn ìbéèrè tí wọ́n bi ọ́ ni pé iṣẹ́ ìṣirò owó kì í ṣe iṣẹ́ fóònù, lẹ́tà orí íntánẹ́ẹ̀tì sì wà. Iṣẹ́ ni wọ́n yẹ kí wọ́n tún tò, bíi òdòdó Howson. Ní ti ìbéèrè tìrẹ, wọn kò kó o síbì kankan, nítorí kò sẹ́ni tó ń kà á. Bí wọn kò bá sì kà á, kò lè dín, kò lè pọ̀, kò lè di ẹjọ́.

Iye tí àìgbọràn ń ná ni

Kí a padà sí Jámánì díẹ̀, nítorí àwọn kò jáwọ́ nínú tiwọn. Iléeṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ 20 sókè níbẹ̀ lónìí, ìdá 5 nínú wọn gbọ́dọ̀ jẹ́ àwọn àkàndá tí àìlera wọn le. Lọ́dọọdún, iléeṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ kọ iye wọn ránṣẹ́ sí ìjọba. Bí iye náà kò bá pé, kò sí pé à ń lọ sílé ẹjọ́, kò sí pé à ń wá ẹlẹ́rìí: owó ni wọ́n máa san, lórí àyè kọ̀ọ̀kan tó ṣófo, lóṣooṣù. Bí iléeṣẹ́ ńlá bá ṣe jìnnà sí ìdá 5 tó ni owó náà ń ga. Ní 2024, iléeṣẹ́ ńlá tí kò gba àkàndá kankan rárá ń san 720 Yúrò lóṣù kan lórí àyè kan.

Níbo ni owó náà ń lọ? Inú àpò tí wọ́n fi ń ran àwọn iléeṣẹ́ tó gbà wọ́n lọ́wọ́: láti ra ohun èlò, láti tún ibi iṣẹ́ ṣe, láti sanwó olùrànlọ́wọ́. Ilẹ̀ Faransé náà ń ṣe irú rẹ̀ láti 1987, ìdá 6 ni tiwọn. Ẹni tó kọ̀ ló ń sanwó fún ẹni tó gbà. Kì í ṣe pé gbogbo iléeṣẹ́ Jámánì ló pé ìdá 5 o. Ọ̀pọ̀ ló fẹ́ràn kí wọ́n sanwó. Ṣùgbọ́n ó kéré tán, iye wọn wà nílẹ̀, ìkọ̀sílẹ̀ sì ní iye owó tó ń ná wọn.

Ohun tí ìtàn yìí fi hàn mí nìyẹn. Nọ́ńbà inú òfin kì í gba ẹnikẹ́ni síṣẹ́. Ẹni tó ń kà á, àti owó tó ń jáde lápò ẹni tí kò pé e, ni wọ́n ń fún nọ́ńbà náà lágbára.

Ohun tí a lè ṣe láti orí fóònù wa

Ẹ má sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀gá Àbújá ni. Òfin kan wà tí ọ̀pọ̀ wa kì í lò: òfin òmìnira ìròyìn ti 2011. Ẹnikẹ́ni nínú wa lè kọ̀wé sí iléeṣẹ́ ìjọba láti béèrè àkọsílẹ̀ tó wà lọ́wọ́ wọn. O kò ní láti ṣàlàyé ìdí tí o fi ń béèrè. Ọjọ́ méje ni wọ́n ní láti dáhùn.

Ìbéèrè mẹ́ta péré tó fún wa: Òṣìṣẹ́ mélòó lẹ ní? Mélòó nínú wọn ni àkàndá? Irú iṣẹ́ wo ni wọ́n ń ṣe? Ìbéèrè kẹta yẹn ṣe pàtàkì, nítorí a ti rí ìtàn líìfìtì àti ibi ìgbọ́kọ̀sí. Bí wọ́n bá dáhùn, a ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Bí wọ́n bá ní àwọn kò ní àkọsílẹ̀, ìyẹn náà ti di ìdáhùn, orí ìwé ló sì wà. Bí wọ́n bá dákẹ́, òfin gbà wá láyè láti lọ sílé ẹjọ́.

Èmi ti kọ tèmi sí iléeṣẹ́ mẹ́ta. Ẹ bá mi kọ tiyín sí èyí tó bá sún mọ́ yín: ilé ìwé, ilé ìwòsàn, ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀. Ẹ fi ohun tí wọ́n bá dá yín lóhùn ránṣẹ́ sí wa, a ó sì kà á níbí, iléeṣẹ́ kan lẹ́yìn òmíràn.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lo ohun tó lé ní 50 ọdún, wọ́n pe agbanisíṣẹ́ mẹ́wàá lẹ́jọ́, wọ́n wá ní òfin náà ni kò dára. Tiwa kò tíì dàgbà tó bẹ́ẹ̀. A ṣì lè kà á.

Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ máa wà ní àlàáfíà.